Aṣọ Àǹjọ̀nú Tí Mo Rán àti Àwọn Fíìmù Tó Là Mí Lójú

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì ti lé ní ọdún 25 tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn pé n óò máa jókòó ní òru ọjọ́ Sátidé láti wo fíìmù adẹ́rùbani, tàbí fíìmù àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, n kò ní gbà á gbọ́, nítorí láti kékeré ni mo ti máa ń fi ọwọ́ bojú tí irú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kan ló mú mi dé ìdí rẹ̀, aṣọ tí mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi rán, tí wọ́n sì dá padà fún mi.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe fíìmù àgbéléwò ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n fẹ́ aṣọ àǹjọ̀nú kan tí yóò jáde láti inú igbó, wọ́n sì san àsansílẹ̀. Inú mi dùn gidigidi, nítorí n kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wọ mọ́tò lọ sí ọjà Bálógun fúnra mi, mo ra sátíìnì pupa, mo ra gọ́mù-síté, mo sì ra okùn aláwọ̀ wúrà tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sí etí aṣọ. Mo gé aṣọ náà bí ẹni tó ń gé kóòtù ọkọ ìyàwó: mo fi láínìn sí i nínú, mo fi fóòmù gbé èjìká rẹ̀ sókè, mo rán ojú mẹ́fà sí àyà rẹ̀, mo sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ gbogbo etí rẹ̀ títí tó fi dúró gbagidi. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, oòrùn ti mú. Òṣèré tó wọ aṣọ náà kò tíì rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tí kò fi lè mí dáadáa mọ́, nítorí n kò fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn níbì kankan. Àwọn ọmọdé méjì tó yẹ kí wọ́n sá fún un nínú eré náà sì sún mọ́ ọn, wọ́n ń fi ọwọ́ pa okùn wúrà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí eré náà kò bú mi. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, aṣọ yìí dára jù. Kò bani lẹ́rù rárá." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi àpò Ghana-Must-Go gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọn kò sì san owó tó kù. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí jù ú lọ, torí pé òtítọ́ ni.

Mo gbé aṣọ náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kẹ́hìndé, ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yábà, dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́ nígbà tó wá kí mi, ó wá ní, "Dádì, ẹ kò wo irú fíìmù yìí rí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ iṣẹ́ tí aṣọ ń ṣe nínú rẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ti ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sí pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ìyàwó mi kò fara mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa fa àìsùn wọlé." Mo ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ ni mo ń kọ́, ó sì wọlé lọ sùn.

Fíìmù tí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni Alien, tí Ridley Scott darí, tó jáde ní ọdún 1979. Mo ti rò pé n óò rí àwọn ọba àti àwọn ọmọ ogun ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ méje ni mo rí nínú ọkọ̀ ńlá kan tó dọ̀tí, tí wọ́n ń kó ẹrù ilé iṣẹ́ kan bọ̀ wálé, tí àwọn méjì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láàárín wọn sì ń ṣàròyé pé owó àwọn kéré sí ti àwọn yòókù. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ni àwọn náà ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dé bá wọn, ẹ̀dá abàmì kan tó wọ inú ọkọ̀ wọn tó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, fi wọ̀ mí lára. Nígbà tó wá hàn pé ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ ti pinnu pé kí ẹ̀dá abàmì náà ṣáà délé, kódà bí gbogbo òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ bá kú, mo bínú débi pé mo dìde dúró. Lójú tèmi, kò sí ohun tó bani lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú fíìmù yẹn, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kì í sábà mẹ́nu kàn án.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ti wò tó ìgbà mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń wá ológbò inú ọkọ̀ wọn. Ó wọ yàrá gíga kan tí ṣéènì rọ̀ sílẹ̀ láti òkè rẹ̀, tí omi sì ń kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró sábẹ́ omi náà, ó gbé ojú sókè, ó jẹ́ kí ó máa kán sí òun lójú àti sí fìlà, ara sì tù ú. Ohun tí gbogbo wọn ń sá fún wà lókè orí rẹ̀, àwa tí à ń wò kò sì mọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn ọkùnrin náà, ìrù, eyín àti ọwọ́ nìkan ni a rí, lẹ́yìn náà ojú ológbò tó jókòó tó ń wòran. Ara mi bù máṣọ. Mo ní kí Kẹ́hìndé dá a padà sẹ́yìn. Ojú aránṣọ ni mo fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì: mo ń wá ibi tí wọ́n ti so apá mọ́ èjìká, mo ń wá ibi tí sípù wà, n kò rí i. Fíìmù náà sún mọ́ wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ẹ̀dá náà fi hàn nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán kí a tó rí i ní odidi. Èmi tí mo rán ojú mẹ́fà sí àyà aṣọ kan ṣoṣo, tí mo sì fẹ́ kí ayé rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú oòrùn, mo dákẹ́.

Nígbà tí fíìmù náà parí tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè, Kẹ́hìndé ti ń nawọ́ láti pa á. Mo ní kí ó dúró. Níwájú orúkọ ẹ̀dá náà, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é síbẹ̀ gbangba: Bolaji Badejo. Èmi àti ọmọ mi wo ara wa.

Gbogbo òru yẹn la fi wá ìtàn rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí Bọ́lájí Badéjọ ní ọdún 1953. Ó wà ní ìlú London, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, nígbà tí ẹnì kan tó mọ̀ pé wọ́n ń wá ènìyàn gíga fún fíìmù náà rí i nílé ọtí. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀ lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ohun tí wọ́n ń wá gan-an sì nìyẹn, ara tí kò ní jẹ́ kí òǹwòran rántí pé ènìyàn ló wà nínú aṣọ. H. R. Giger, ayàwòrán ará Switzerland, ló ya ẹ̀dá náà, agbárí ènìyàn gidi ló sì fi sí iwájú orí rẹ̀. Ara Badéjọ ni wọ́n wọn aṣọ rọ́bà náà mọ́. Wọ́n ní kí ó lọ kọ́ bí a ti ń gbé ara jẹ́jẹ́, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe máa ń ṣe nínú eré ìdárayá wọn, kí ìrìn rẹ̀ má bàa jọ ti ọmọ aráyé. Nítorí ìrù tó wà lẹ́yìn aṣọ náà, kò lè jókòó sórí àga, wọ́n sì ní láti ṣe ohun kan tó dà bí jangirọ́fà fún un, tó ń fi sinmi. Àwọn àgbà ní ẹni tí eégún ń lé kó máa rọ́jú, pé bó ti ń rẹ ará ayé náà ló ń rẹ ará ọ̀run. Mo rántí òṣèré tèmi lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Mo ti wọn àyà rẹ̀, mo ti wọn ìbàdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bi í léèrè rí bí yóò ṣe mí, bí yóò ṣe mu omi, tàbí ibi tí yóò jókòó sí.

Badéjọ kò tún ṣe fíìmù mìíràn. Ó padà sí Nàìjíríà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì mú un lọ ní ọdún 1992, níhìn-ín ní Èbúté Mẹ́ta. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́. Mo ti ń rìn ní àdúgbò yìí láti ìgbà náà, n kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di òru ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Ó wù mí gan-an kí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ orúkọ náà bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ohun tí mo rí nínú fíìmù yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá mi, ọmọ ọdún méje sì ni mí nígbà tó mú mi lọ wo Ẹ̀yọ̀. Aṣọ funfun lásán ni, àkẹtẹ̀ lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Kò sí eyín, kò sí ìwo, kò sí ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ọ̀kan yà kúrò láàárín àwọn yòókù, tó dúró níwájú wa láìsọ̀rọ̀, tí aṣọ bò ó lójú tí aṣọ sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rọ̀ mọ́ ìró ìyá mi, torí pé n kò mọ ẹni tó ń wò. Ìrìn rẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló mú mi. Ọgbọ́n tí wọ́n fi hàn mí lófẹ̀ẹ́ ní ọmọ ọdún méje ni mo gbàgbé nígbà tí mò ń ra okùn wúrà ní Bálógun.

Lẹ́yìn èyí, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ aṣọ nínú gbogbo ohun tí à ń wò. Godzilla ti àwọn ará Japan, fíìmù ẹranko abàmì ńlá kan tó ń jáde láti inú òkun, èyí tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, ènìyàn ló wà nínú ti òun náà, aṣọ rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bí kílò 100. N kò ní purọ́, ó hàn sí mi pé aṣọ ni. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi tó jóná ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà kò jẹ́ kí n lè fojú kékeré wò ó, pàápàá nígbà tí Kẹ́hìndé sọ fún mi pé ní oṣù kẹta ọdún kan náà, eérú bọ́ǹbù runlérùnnà tí Amẹ́ríkà dán wò ní erékùṣù Bikini nínú òkun Pàsífíìkì bọ́ lé àwọn apẹja Japan lórí nínú ọkọ̀ wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ wo fíìmù yẹn ti gbé ẹ̀rù wọn láti ilé wá.

Night of the Living Dead, fíìmù àwọn òkú tó jí dìde tí wọ́n ń jẹ ènìyàn, ló wá tú gbogbo ohun tí mo rò pé mo mọ̀ ká. George Romero ló darí rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ló fi ṣe é ní Pennsylvania, ní dúdú àti funfun, ó sì jáde ní ọdún 1968. Òkú àkọ́kọ́ tó yọ sí wa ní ibojì, kóòtù ló wọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń rìn bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ìrìn rẹ̀ kò gún, a sì rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Kò sí aṣọ àrà kankan nínú fíìmù yẹn: ẹni tó kú nínú aṣọ ìwọ̀sùn wọ aṣọ ìwọ̀sùn, ẹni tí wọ́n sin pẹ̀lú táì so táì. Ó mú mi rántí àkúdàáyà tí àwọn àgbà máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, ẹni tó kú ní ìlú kan tó lọ ń fẹ́ ìyàwó tó sì ń tajà ní ìlú mìíràn, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i ló máa pòórá. Àkúdàáyà tiwa kì í jẹ ènìyàn, ìbànújẹ́ sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ìbẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà nídìí méjèèjì, pé aṣọ tó wọ̀ kò yàtọ̀ sí tìrẹ.

Ọkùnrin tó fi òòlù àti pákó dí fèrèsé nínú ilé tí àwọn tó ń sá fún òkú há sí, ènìyàn dúdú ni. Duane Jones ló ṣe é, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà tó mẹ́nu kan àwọ̀ rẹ̀. Ó ja ìjà náà di òwúrọ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn òkú. Àwọn alààyè tó ń bọ̀ láti wá gba àwọn ènìyàn sílẹ̀ rí i lójú fèrèsé, wọ́n sì yìnbọn pa á, wọ́n gbé e jù sórí iná pẹ̀lú àwọn yòókù. Èmi àti ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ títí tí ó fi pa kọ̀ǹpútà náà, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ fíìmù.

Ọdún 1968 kan náà ni 2001: A Space Odyssey, iṣẹ́ Stanley Kubrick, jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbìyànjú láti wò ó tí a kò gbádùn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ló fà á. Fíìmù yẹn nílò ìdákẹ́jẹ́, torí pé nígbà tí arìnrìn-àjò òfurufú bá wà níta ọkọ̀, èémí rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì já okùn èémí náà, a kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá. Ẹ̀kẹta rẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ dúró di nǹkan bí aago méjì òru, nígbà tí epo ti tán nínú gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, a fi bátìrì kọ̀ǹpútà wò ó. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ inú fíìmù náà ń wo ẹnu àwọn ọkùnrin méjì tó sé ara wọn mọ́lé kí ó má bàa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Kò ní aṣọ, kò ní ara, iná pupa kékeré kan ni ojú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ ohùn wọn, ètè wọn nìkan ló ń mì. Ní pálọ̀ wa, mo gbọ́ tí aago ògiri ń lù. Òógùn bò mí lọ́wọ́.

Láti òru yẹn ni àwọn fíìmù tó jẹ́ pé ariwo ni wọ́n fi ń dẹ́rù bani ti sú mi. A ti wo púpọ̀ nínú wọn, ti ilẹ̀ òkèèrè àti tiwa. Ilẹ̀kùn gbá, ìlù dún, ènìyàn fò sókè, ó parí síbẹ̀. Ìjayà ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rù. Ìjayà kì í bá ènìyàn dé orí ibùsùn.

Nínú tiwa tí mo ti wò, Araromire, tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ sí The Figurine, tí Kunle Afolayan ṣe ní ọdún 2009, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó jẹ́ agùnbánirọ̀ rí ère òrìṣà kan nínú igbó. Ìtàn sọ pé ère náà ń fún ènìyàn ní oríire fún ọdún méje, kí ọdún méje mìíràn tó gba gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí ibi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀, fíìmù náà kò sọ fún wa bóyá òrìṣà ni tàbí ọkàn ènìyàn tí ìfẹ́ àti ìlara ti jẹ run, ìbéèrè ni ó sì fi parí, tó jù sí òǹwòran lọ́wọ́. Kẹ́hìndé gbà pé ènìyàn ni. Ìyàwó mi, tó ti ń jókòó tì wá nígbà náà, ní òrìṣà ni, ó sì ní ẹ̀rí tirẹ̀. Èmi fara mọ́ Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé igi gbígbẹ́ kékeré kan ni ère náà, kò rìn, kò fọhùn, kò tanná lójú, síbẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ kejì.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá aṣọ àkọ́kọ́ padà tún wá. Ó ní iwin kan wà nínú eré tuntun tí òun ń ṣe, tó máa ń dúró sí ẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ kan. Kó tó sọ àwọ̀ tó fẹ́, mo bi í ní ìṣẹ́jú mélòó ni a óò fi rí i, ibo ni iná yóò ti máa wá, ṣé yóò jókòó, ṣé yóò sì rìn. Ó wò mí títí. Teru funfun àtijọ́ ni mo lò, mo rẹ ẹ́ sínú omi tíì líle fún òru ọjọ́ méjì títí tó fi dà bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Bùbá gígùn lásán ni mo rán, kò ní ẹ̀ṣọ́, mo fi àyè fún atẹ́gùn lábẹ́ abíyá àti lẹ́yìn ọrùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo yí padà ni apá rẹ̀, tí mo jẹ́ kí ó gùn dé orúnkún, kí ọwọ́ má ṣe hàn.

Ọmọ iṣẹ́ mi tó ga jù ló bá mi wọ̀ ọ́ wò ní ẹ̀dẹ̀ ilé wa lálẹ́ ọjọ́ Àlàmísì. Mo gbé àtùpà kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kí ó kọjú sí ògiri, kí ó má mira. Ìyàwó mi ń bọ̀ láti ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ àmàlà lọ́wọ́. Ó dúró lójijì. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù oúnjẹ fún láti ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n kò pè é lórúkọ. Ó rọra fà sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ni ìyẹn?"

Mo mú tépù, mo sì fi ínṣì méjì kún apá òsì.